ẸSẸ̀ TÍ A DÌ LE JÙ

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kò dùn, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara wa yóò bá wa dákẹ́.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ọ̀kan nínú wa ṣubú nínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù nígbà tí ó ń ti Monday Market bọ̀. Eegun ojúgun rẹ̀ dá. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń to eegun, ó sì fi igi àti okùn dì í pinpin. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi ké pé ẹsẹ̀ ń jó òun bí iná. Àwa àgbà ní kí ó mú sùúrù, pé bí eegun ti ń so nìyẹn. Kì í ṣe eegun ni ó ń so. Ẹ̀jẹ̀ ni kò rí ọ̀nà kọjá. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ìka ẹsẹ̀ ti dúdú. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

A kò bú àwọn tí ń to eegun o. Àwọn Hausa ń pè wọ́n ní maɗori, púpọ̀ nínú wọn sì mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá kọjá rárá fún nǹkan bí wákàtí 6, ẹran ara ti ń kú nìyẹn.

Nítorínáà, bí ibi kan bá wú, tí ó wọ́, tàbí tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ kà á sí eegun tí ó dá títí fọ́tò ilé ìwòsàn yóò fi sọ òmíràn. Ẹsẹ̀ tí ó rọ́ lásán lè wú bákan náà. Ẹ má fà á, ẹ má fi òrí wọ́ ọ, bí oríkèé bá sì yẹ̀, ẹ má dá a padà fúnra yín. Ẹ fi pákó tí a fi aṣọ wé gbè é bí ẹ ti bá a, kí ó kọjá oríkèé òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì rọra so ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa wo ìka: bí ó bá tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ tú okùn náà lójú ẹsẹ̀. Eegun tí ó yọ síta, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi bò ó, ẹ má tì í wọlé. Kí ẹ sì bèèrè abẹ́rẹ́ ipá. Ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ má gbé e jókòó sínú kẹ̀kẹ́, bí a ti máa ń ṣe.

Ilé Ìwòsàn Yunifásítì wà ní ọ̀nà Bama, kò jìnnà sí wa. Owó ni ó ń lé wa sá. A ó gbé e wá sí ìpàdé tí ń bọ̀ pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó oṣooṣù sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àti fọ́tò eegun, ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pẹ̀lú. Akápò ti ń fajú ro. Kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ọmọ náà.