Kí A Tó Tún Ra Ọ̀dà fún Gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́

Òjò fẹ́rẹ̀ dé sí Jos wa yìí, ọ̀rọ̀ tí a kò yanjú ní èṣí sì tún ń padà bọ̀. Ọ̀rọ̀ omi tí ń gba ojú fèrèsé wọlé ni.

Èmi ni mo ń kọ ìwé owó ẹ̀ka wa. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni mo ti kọ "ọ̀dà fún ògiri gbọ̀ngàn" sínú rẹ̀, ògiri kan náà ni. Kí oṣù Kẹfà tó dé, ọ̀dà náà yóò ti wú bí ara ẹni tí iná jó, àbàwọ́n yóò sì tún yọ lábẹ́ fèrèsé. Èrò tèmi ni pé kí á má ṣe dá kọ́bọ̀ kan fún ọ̀dà mọ́ títí a ó fi mọ ibi tí omi ń gbà wọlé. Ọ̀dà kì í dá omi tí ó ti wà nínú ògiri dúró. Ojú àbàwọ́n ni ó ń bò fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí ó ń tàn wá jẹ ni pé ibi tí omi ti yọ kọ́ ni ibi tí ó ti wọlé. Ó lè gba ojú líńtẹ̀lì tí ó sán lókè wọlé, kí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù, kí ó wá yọ ní igun ìsàlẹ̀. Bíríkìlà a dé, a lẹ símẹ́ńtì mọ́ igun ìsàlẹ̀ láti inú ilé, a gba owó rẹ̀ lọ, omi a sì wá ibòmíràn yọ.

Bí a ti ń wádìí rẹ̀ kò le. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, tí ògiri sì gbẹ, kí ẹnì kan dúró nínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn máa da omi láti ìta. Ìsàlẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀: kí ó da omi sí pèpéle fèrèsé, kí ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá; lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; òkè ni kí ó kẹ́yìn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi yóò ṣàn dé ibi gbogbo, kò sì ní mọ èyí tí ó jò. Fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí láti ibẹ̀ ni ìjì òjò ńlá ti sábà máa ń wá ní ilẹ̀ yìí.

Fèrèsé alumíníọ̀mù tí a ń fà sí ẹ̀gbẹ́ ti pọ̀ láàárín wa. Férémù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò kéékèèké tí ó kọjú síta, láti da omi tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ padà síta. Eruku ọyẹ́ ní í máa dí wọn. Nígbà mìíràn ẹni tí ó rẹ́ ògiri ni ó fi símẹ́ńtì bò wọ́n. Mo tilẹ̀ ti rí ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra sílíkóònù dí ihò wọ̀nyí, tí ó ní òun ti rí ibi tí omi ń gbà wọlé! Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ni ó dí. Igi ìgbálẹ̀ kan àti omi díẹ̀ ni oògùn eléyìí.

Pèpéle ìta gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ síta, kí ó yọ kọjá ojú ògiri bí ínǹṣì méjì, kí bíríkìlà sì fa ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ rẹ̀, kí omi lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ó tọ abẹ́ rẹ̀ padà sí ara ògiri. Ti gbọ̀ngàn wa tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ lọ gbé òroǹbó lé e, kò ní yí. Àlàfo tí ó wà láàárín férémù àti ògiri, láti ìta ni kí á ti fi sílíkóònù dí i, lẹ́yìn tí a bá ti nu eruku kúrò. Símẹ́ńtì nìkan kò tó, nítorí alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ nínú oòrùn, a sì máa sún kì nínú òtútù. Símẹ́ńtì kò lè bá a rìn, yóò sán ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti gbọ̀ngàn lọ. Àwọn kan nínú wa ń gbé ilé alámọ̀ tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ lójú. Bí omi bá ti ojú fèrèsé bọ́ sí ẹ̀yìn símẹ́ńtì náà, amọ̀ yóò máa rọ̀ nínú, ojú ìta yóò sì dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí ọjọ́ tí ògiri yóò fi wó. Abẹ́ fèrèsé sì ni àwọn ọmọ wa ń tẹ́ ẹní sí nítorí atẹ́gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń to ìdì aṣọ sí ibẹ̀ náà, ẹ mọ̀ pé aṣọ tí ó bá ti bu, oníbàárà kì í san iye tí a rà á pàápàá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: "Ilé àjò ni, nílé ni a ó ti kọ́ tiwa." Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lo ogún ọdún ní Jos, tí ó bí ọmọ márùn-ún síbẹ̀, orí ta ni omi náà ń kán sí? Bí ilé bá jẹ́ ti baba onílé, kí á mú un dé ibẹ̀, kí á da omi lójú rẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Baba onílé tí a bá kàn kígbe mọ́, ọlọ́dà ni yóò rán sí wa.

Àbá mi fún ìpàdé tí ń bọ̀ ni pé kí á fi owó ọ̀dà ọdún yìí gba bíríkìlà kan, kí ó tún pèpéle àwọn fèrèsé ìhà ìlà-oòrùn ṣe kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi da omi ní ọjọ́ Sátidé, kí ó mú korobá tirẹ̀ wá. Ti ẹgbẹ́ ti jò.