Ẹ́ńjìnì Ńlá Kọ́ Ló Ń Gba Ife

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ọmọ Tímì, ẹ yé tan ara yín. Láti ìgbà tí àwọn ọkọ̀ iná mànàmáná E1 ti wá sáré lójú omi Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, kò síbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù tí mi ò ti gbọ́ ọ: “Ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá tóbi jù ni yóò gbégbá orókè.” Àwọn tó ti wọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹbúté Èrò ló ń fọwọ́ sọ̀yà jù. Lóòótọ́, Yamaha 75 á fi Yamaha 40 sílẹ̀. Ọkọ̀ èrò nìyẹn. Eré ìje là ń sọ.

Ní Èkó yẹn gan-an, irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gùn, ẹ́ńjìnì kìlówáàtì 150 ló sì wà nídìí ìkọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, ló ń gbà á wà fúnra wọn. Èwo ni ẹ́ńjìnì ńlá níbẹ̀?

Ti elépo náà ní ìpín. UIM, ẹgbẹ́ àgbáyé fún eré ìje ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922, ń fi ẹ́ńjìnì pín ọkọ̀ bí a ṣe ń fi ìwọ̀n ara pín abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Ẹ́ńjìnì agbára ẹṣin 15 làwọn ọmọdé ń lò ní ìpín GT15. 60 ni ti ìpín F4. Tí ìje bá parí, wọ́n lè tú ẹ́ńjìnì ẹni tó borí palẹ̀, kí wọ́n wọn inú rẹ̀. Wọ́n á wọn ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀. Tó bá fúyẹ́ ju òfin lọ, ife bọ́ nìyẹn.

Àmọ́ Jàpáánì ló dùn mọ́ mi jù. Láti 1952 ni wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré yìí níbẹ̀, kèké ni wọ́n sì ń ṣẹ́ láti pín ẹ́ńjìnì! Èyí tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lo máa gbé. Ọkọ̀ mẹ́fà, ìyípo mẹ́ta. Awakọ̀ á kúnlẹ̀, ọwọ́ òsì lórí ọ̀pá tó fi ń fún ẹ́ńjìnì níná, ọ̀tún lórí sitẹẹrin, ojú lára aago ńlá. Eré ni wọ́n ń bá bọ̀ láti ẹ̀yìn. Tí ọwọ́ aago bá kan òdo, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ló ní láti fi kọjá ìlà. Tó bá yá jù ú tàbí tó pẹ́ jù ú, wọ́n á lé e kúrò, wọ́n á dá owó àwọn tó ta tẹ́tẹ́ lé e padà. Ẹni tó wà lápá inú jù, nítòsí àmì tí wọ́n ń yí po, ló ń gba ìje tó lé ní ìdajì.

N ò ní pé owó kì í ṣiṣẹ́ o. Àwọn ọkọ̀ F1 ti ojú omi tó ń sá ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ tó jókòó sínú ihò ọkọ̀ tí wọ́n dé lórí, wọ́n á dè é mọ́ àga, wọ́n á dojú àga náà délẹ̀ sínú omi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú ara rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá yege, ì báà ra ẹ́ńjìnì tó tó ilé, etídò ni yóò ti máa wòran.