Ta Ló Ni Toyota Tó Wà Lẹ́nu Géètì?

Kò sí òde àríyá kan ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí ẹni tó mú maikirofóònù dání kò ní dá orin dúró lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó ní: "Ta ló ni Toyota aláwọ̀ eérú tó wà lẹ́nu géètì? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sún un, ẹ ti dínà mọ́ ìyá ìyàwó." Onílù á sinmi díẹ̀. Àwọn tó jókòó á máa wojú ara wọn. Ẹni tó ni Toyota náà ń jẹ iyán lọ́wọ́. Ó gbọ́, ó sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹran ṣì kù nínú àwo. Ìgbà tí wọ́n bá pe nọ́ńbà ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kẹta ló máa tó dìde, tí yóò máa rọra rìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Tó bá wá débẹ̀, tó rí i pé ẹnìkan tó ń wá ọ̀nà àtijáde ti fi ọkọ̀ họ tòun lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ariwo yẹn ni mo fẹ́ bá wí lọ́sẹ̀ yìí. Lójú tèmi, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní àìbìkítà ẹni tó ba ọkọ̀ wa jẹ́, ọwọ́ àwa fúnra wa ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí a ti gbé ọkọ̀ náà síbi tí kò yẹ. Èyí tó kù, tí ẹlòmíì jẹ̀bi rẹ̀ lóòótọ́, a kì í rí owó rẹ̀ gbà, torí pé ẹ̀bẹ̀ la fi ń parí ẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé a kò fẹ́ràn ọkọ̀. Ìlú tí Ọ̀ọ̀ni ti ń lọ sí Òkè Mògún lọ́jọ́ ọdún Ọlọ́jọ́ lọ́dọọdún, nítorí Ògún, òrìṣà irin, kò lè ṣàì mọyì irin. Ọba Okùnadé Síjúwadé, tí wọ́n wà lórí ìtẹ́ láti 1980 títí di 2015, ti ṣiṣẹ́ nídìí mọ́tò kí wọ́n tó jọba. Ní 1963, àwọn ni olùdarí ọjà títà ní iléeṣẹ́ National Motors ti ìjọba l'Ékòó. Lẹ́yìn ìrìn àjò tí wọ́n lọ sí Soviet Union ní 1964, wọ́n dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń kó ọkọ̀ àti ẹ̀rọ wọlé láti ọ̀hún. Àwa mẹ̀kúnnù náà ò kẹ̀rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tí a fi ń pe ọkọ̀. Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó ní 1975, Ìjàpá la pè é. Honda ti ọdún 2003, a ní End of Discussion ni, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Camry kan ń jẹ́ Big Daddy, àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Muscle, èyí tó tún tẹ̀lé e ń jẹ́ Spider. Ẹni tó bá ti sọ nǹkan lórúkọ, ó ti gbà á lọ́mọ nìyẹn.

Ọmọ ọ̀hún la wá ń gbé sójú títì. Ẹlòmíì ti ní kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i, ẹlòmíì ti fi tírà kọ́ dígí iwájú, ẹlòmíì ń fi aṣọ tó rọ̀ bí òwú nù ún láàárọ̀ kí ó tó fọ eyín tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó gbé e sílẹ̀ ní kọ́nà Lágéré, ó tan iná tó ń ṣẹ́jú, ó ní: "Mi ò ní pẹ́." Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, lójú wa, ìwé àṣẹ ni. Bí a bá ti tàn án, a lè dúró níbi tó wù wá, ká ra búrẹ́dì, ká gba owó lọ́wọ́ oníPOS, ká tún kí ẹni tí a ti rí tipẹ́.

Ẹ wo Lágéré nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bá ń bọ̀ láti ọgbà yunifásítì. Ọkọ̀ ti tò sí apá ọ̀tún, òmíràn ti tò sí apá òsì, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì dúró láàárín, ó ń gbé èrò. Ọlọ́kadà dé, ó rí àyè kékeré kan, ó ki orí bọ̀ ọ́, irin ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ sì kọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, dígí balẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Ọlọ́kadà ni, n kò jiyàn. Ẹni tí kò bá gba ibì kan, kó dúró. Àmọ́ ẹni tó gbé ọkọ̀ sójú títì, nígbà tí àyè wà níwájú díẹ̀ tí ì bá fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibẹ̀, ibo ló fẹ́ kí ọlọ́kadà gbà? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ojú títì Lágéré kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ìdajì rẹ̀ fi gbé ọkọ̀ sí, ó ti fi dígí rẹ̀ dánwò.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ojú pópó yé wa ní Ifẹ̀ ju ibòmíì lọ. Yunifásítì wa níbí ni Wọlé Ṣóyínká ti ń kọ́ni nígbà tí ikú òjijì lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sú u. Ní 1977, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, wọ́n gbé ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kalẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà, òun sì ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Maja-Maja ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní 1988, Ṣóyínká yìí kan náà ni alága àkọ́kọ́. Eré àsápajúdé ni wọ́n bá jà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ tó ń sáré nìkan la gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èyí tó dúró, kálukú ń ṣe bó ṣe wù ú. Bẹ́ẹ̀, ìwé òfin ìrìnnà tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ kò dákẹ́ lórí ẹ̀: má gbé ọkọ̀ sí oríta, má gbé e sórí afárá, má gbé e sí ẹnu géètì oníléelé, má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mìíràn tó ti dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Mélòó nínú wa ló kà á kó tó gba láísẹ́ǹsì?

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Toyota kò gba irú ìwà yìí. Ní Japan, láti 1962 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá fẹ́ ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ibi tí òun yóò máa gbé e sí. Ọlọ́pàá ló ń fún un níwèé ẹ̀rí, kí wọ́n tó forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Mi ò ní kí ìjọba Ọ̀ṣun ṣe irú òfin yẹn o. Agboolé Ìlódè àti Ìrèmọ ti wà kí mọ́tò tó dáyé, kò sì sẹ́ni tó máa wó ògiri bàbá rẹ̀ torí Corolla. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọkọ̀ kejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì ń sùn lójú títì, ó yẹ kí aya rẹ̀ bi í léèrè.

Ká wá gbà pé ibi tó tọ́ lo gbé ọkọ̀ sí, tí ẹnìkan sì họ ọ́. Ọ̀dà ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Lókè ọ̀dà tó ní àwọ̀, òmíràn wà tó mọ́ gaara, òun ló ń dán tí ojú ẹni fi ń hàn lára ọkọ̀. Fi èékánná rẹ rìn lórí ojú ibi tí wọ́n họ. Bí èékánná kò bá kọ́, ọ̀dà tó ń dán yẹn nìkan ló fara gbá, pólíìṣì lè mú un kúrò. Bó bá kọ́, ó ti wọlé, ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà lò ń lọ nìyẹn, orí ló sì máa ń bá èèyàn ṣe é kí ọ̀dà tuntun tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Bí irin bá ti wá yọjú, òjò Ifẹ̀ kò ní jẹ́ kó pẹ́ kó tó dógùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó ní "ìlà kékeré lásán ni, ọ̀gá" kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó jẹ̀bi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èrò á pé jọ. "Ọ̀gá, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Iṣẹ́ Èṣù ni. Ẹ ṣáà dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ." Bàbá àgbàlagbà kan tí kò rí bó ṣe ṣẹlẹ̀ á yọjú láti ìsọ̀ òdìkejì, á ní: "Ọmọ mi, wo ojú mi, fi sílẹ̀." Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tí wọ́n ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti di òṣìkà. Bó bá ṣì ń bèèrè owó, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ le. Ó máa fi sílẹ̀, ó máa lọ fowó ara rẹ̀ ṣe é.

N kò kórìíra àánú yìí. Ọlọ́kadà tí kò tíì rí owó epo ọjọ́ yẹn, ká dárí jì í, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ agbádá sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù náà ń fi "ẹ má bínú" san owó iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tíṣà. Àánú tí à ń ṣe fún aláìní ló sá sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ó ṣeé ṣe kó ti sanwó sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ti sọ adójútòfò third party di dandan fún gbogbo ọkọ̀. Láti oṣù Kìíní 2023, àjọ NAICOM tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ adójútòfò ti sọ owó rẹ̀ di 15,000 náírà lọ́dún fún ọkọ̀ aládàáni, iléeṣẹ́ adójútòfò sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ̀ náà bá bà jẹ́. Oṣù Kejì 2025 ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró káàkiri láti bèèrè ìwé rẹ̀. Nítorí ọlọ́pàá yìí la sì ṣe ń rà á. Bí wọ́n bá ti wò ó tán, a ká a padà sínú ọkọ̀, ó di ìgbà míì. Bó o bá fi jíìpù gbá ènìyàn lẹ́yìn ní Mayfair nílùú wa níbí, tí o ń dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ìwé yẹn wà nínú ọkọ̀ rẹ, ta lò ń tàn?

Bí wọ́n ṣe ń gba owó adójútòfò yìí kò le. Kí ẹ tó sún ọkọ̀ kúrò lójú ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ ya àwòrán. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ara yín, ẹ wo iléeṣẹ́ tó wà lórí ìwé adójútòfò ẹni tó jẹ̀bi, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí mẹ́káníìkì sì kọ iye tí àtúnṣe máa jẹ. Ọkọ̀ ẹni tí wọ́n kọlù nìkan ni third party ń tún ṣe o. Ẹni tó kọluni ni yóò fowó ara rẹ̀ tún tiẹ̀ ṣe, àfi tó bá ra èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán yẹn náà ni yóò sì jẹ́rìí ibi tí o gbé ọkọ̀ tìrẹ sí, nítorí náà, ẹni tó wà lórí kọ́nà kó yára rò ó dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Àwọn ọ̀tá ọkọ̀ kan wà tí kò sí iléeṣẹ́ tá a lè lọ bá. Nínú ọgbà yunifásítì, àdán pọ̀ lórí igi. Ẹni tó bá ń wá ibòji kó gbójú sókè kó tó ti ilẹ̀kùn. Ìgbẹ́ àdán tí oòrùn bá gbẹ sára ọkọ̀ máa ń jẹ ọ̀dà. Omi ni kí o fi rọ̀ ọ́ kí o tó nù ún. Nígbà ọyẹ́, àwọn ọmọ á máa fi ìka kọ "Ẹ fọ mọ́tò yìí" sórí eruku. Àwàdà ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n iyanrìn wà nínú eruku ọyẹ́, ohun tí wọ́n kọ lè wà níbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ti ewúrẹ́ tó ń gun bọ̀nẹ́ẹ̀tì lọ sórí, n kò tíì gbọ́ oògùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òde àríyá wa. Ẹni tó fẹ́ páàkì síbi tí èrò pọ̀ sí kó kọjú ọkọ̀ síta, kó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára pépà, kó fi sábẹ́ dígí iwájú. Àwọn tó ń kọ́ gbọ̀ngàn àríyá, tí wọ́n gbé àga ẹgbẹ̀rún sínú rẹ̀ tí àyè ọkọ̀ níta kò sì tó nǹkan, ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa bi wọ́n léèrè kó tó bu ọwọ́ lu ìwé wọn. Ó sì yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀ àti ti Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ fẹnu kò lórí ọjọ́ Ọlọ́jọ́. Kí wọ́n ṣí pápá àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà díẹ̀ sí Ẹnuwà níwájú ààfin, kí a gbé ọkọ̀ wa síbẹ̀, kí wọ́n gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí wọ́n sì fi kan páànù sórí ilé ẹ̀kọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ tí à ń bá jà ní Lágéré ni yóò máa gbé wa lọ sí ààfin.