Àwo Orin Tí A Ṣe Nílé Gbọ́dọ̀ Dún ní Gbogbo Ilé

Àṣà rere ni kí a ká oríkì ìdílé, ẹkún ìyàwó àti ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí a sì dà wọ́n kọ sí àwo síídì fún ẹbí. Ṣùgbọ́n bí àwo náà bá ń dún nínú kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é, tí kò dún nínú ọkọ̀ tàbí nínú ẹ̀rọ orin ìyá àgbà, kí ni àǹfààní rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ìlànà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ mọ̀, èyí tí Philips àti Sony gbé kalẹ̀ ní ọdún 1980. Àwo tó bá ìlànà náà mu kì í sábà gbà ju orin ìṣẹ́jú 74 tàbí 80 lọ. Ẹni tó bá kó ọgọ́rùn-ún MP3 sínú àwo kan, fáìlì ló kó síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò mọ MP3 kò ní rí orin kankan. "Audio CD" ni kí ẹ yàn lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe "Data".

Irú àwo tí ẹ rà náà ṣe pàtàkì. CD-RW, tí a lè pa rẹ́ kí a tún kọ, kì í dá ìmọ́lẹ̀ lésà padà tó CD-R. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò fi lè kà á. Ẹ má fi àwo sílẹ̀ láìparí. Ẹ yan "Finalize". Ẹ má lẹ bébà mọ́ ọn, nítorí ó lè mú kí ó máa gbọ̀n bó ti ń yí. Ẹ má sì fi í sínú oòrùn.

Àwọn kan yóò ní fóònù ti gba ipò síídì. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò mọ bí a ṣe ń wá orin nínú fóònù ló mọ bí a ṣe ń ti àwo bọ ẹ̀rọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń gbowó ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dán àwo wò nínú ẹ̀rọ mẹ́ta ó kéré tán, títí kan ti ọkọ̀, kó tó pín in. Kí ẹbí náà sì tọ́jú ojúlówó ohùn náà sí ibi méjì, nítorí ohùn olóògbé kò ṣeé tún ká.