Nínú Géèmù Yìí, Ọmọ Kankan Kì í Béèrè Owó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá EA Sports College Football 25 nínú ẹ̀ka wa, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe orí pápá ni adùn rẹ̀ wà. Dynasty ni. Níbẹ̀, ẹ ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá fásitì kan ní Amẹ́ríkà, ẹ ó sì máa wá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí yóò wá gbá bọ́ọ̀lù wọn gbọọrọ yẹn fún yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan láti bá àwọn tó ṣe é rò.

Kent State ni mo mú, fásitì kan ní ìpínlẹ̀ Ohio tí ikọ̀ rẹ̀ pàdánù gbogbo ìdíje 12 tó gbá ní sáà 2024. Ìpínlẹ̀ kan náà ni Ohio State wà, àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ ní sáà yẹn. Ẹ ò rí irú aládùúgbò tí mo ní!

Ọmọ 35 péré lẹ lè kọ sórí pátákó lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ, wákàtí 10 ti lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ bá àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, 25. Ẹ da gbogbo agbára yín lé e lórí, 50. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á máa lé ọmọ ìràwọ̀ márùn-ún kiri, bẹ́ẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò ní wo Kent State lẹ́ẹ̀mejì. Ohun mẹ́ta tí ọmọ ń fẹ́ ni kí ẹ wò, nínú 14 tí géèmù náà mọ̀. Ṣé kò fẹ́ jìnnà sílé ni? Ṣé ó fẹ́ tètè wọ pápá ni? Ṣé iyì ẹ̀kọ́ fásitì ló ń wá, àbí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò ní sá lọ lẹ́yìn ọdún kan? Ó tún ní ohun kan tí kò ṣeé dúnàádúrà, bí ẹ ò bá ti ní in, ẹ wábi gbà. Èmi máa ń wá ọmọ Ohio oníràwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ wọ pápá kíákíá, torí àyè pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Bó bá ku fásitì márùn-ún lọ́kàn rẹ̀, màá pè é wá ṣe àbẹ̀wò. Ẹ má pe ọmọ méjì tó ń gbá ipò kan náà lọ́sẹ̀ kan náà o. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń mú un, ìyẹn bára mu. Kí ẹ sì borí lọ́jọ́ tí wọ́n wá (ìyẹn ni wàhálà Kent State).

Iṣẹ́ alárinà gan-an ni. Ṣùgbọ́n nínú ohun 14 tí ọmọ lè fẹ́ yẹn, owó ò sí níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí méjì jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìdána.

Láti oṣù keje 2021 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù fásitì ti lè gbowó lórí orúkọ àti àwòrán wọn. Ní 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí fásitì fúnra rẹ̀ máa san owó fún wọn, ó sì lè tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún fásitì kan ní ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ owó yìí náà ló mú kí géèmù ọ̀hún pòórá láti 2013 títí di 2024. Ed O'Bannon, tó ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún UCLA, rí ara rẹ̀ nínú géèmù kan: kò sí orúkọ lára ẹni náà, ṣùgbọ́n nọ́mbà rẹ̀ ló wọ̀, ọwọ́ òsì ló sì ń lò bíi tirẹ̀. Ó pe ẹjọ́ ní 2009. Nígbà tí géèmù náà padà dé, 600 dọ́là àti ẹ̀dà géèmù kan ni wọ́n fún agbábọ́ọ̀lù tó bá gbà kí wọ́n lo orúkọ òun. Àwọn ọmọ girama inú rẹ̀ ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ló ń hùmọ̀ wọn, wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí owó bá wọ inú rẹ̀, Ohio State á ra gbogbo ọmọ tán, Kent State á sì di ìyà. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ báyìí? Wákàtí tí wọ́n ń fún fásitì ńlá pọ̀ ju tèmi lọ. Owó ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ mìíràn ni. Ọmọ ọdún 17, 18, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ wa fi wọlé síbí, ni à ń kọ́ ara wa láti rò pé ilé àti iyì nìkan ló ń wá.

Kí wọ́n fún akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ̀ọ̀kan ní àpò owó, kékeré tàbí ńlá, bí fásitì rẹ̀ bá ṣe tó. Kí ọmọ kan láti Ohio wò mí lójú lórí ẹ̀rọ kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni?" Kí èmi náà wo àpò Kent State, kí n mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn.