Gọ́tà Àdúgbò, Ọrùn Wa Ló Wà

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa, kò yẹ kí a gbàgbé omíyalé. Bí òjò bá pọ̀, tí dáàmù Ọ̀yán, tí ó ti wà lẹ́bàá Abẹ́òkúta láti ọdún 1983, bá sì tú omi sílẹ̀, odò Ògùn a máa kún wọ ilé ní agbègbè Máìlì 12. Apá wa kò ká dáàmù. Ó ká gọ́tà. Ọ̀rá àti èèpo èso tí ó dí gọ́tà Kétu àti Ìkòsì kò ti Abẹ́òkúta wá. Ọwọ́ wa ni wọ́n ti bọ́.

Ní ọdún 2016, ìjọba Èkó fòpin sí sànítéṣọ̀n Sátidé ìparí oṣù. Àwọn kan ní òpin òfin yẹn ló bí ìdọ̀tí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀: ìmọ́tótó tí ó ń dúró de ọlọ́pàá kò tíì di ìwà. Ìtọ́jú ọgbà ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ gbé lé Ádámù lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́jáde jọ máa kó gọ́tà àdúgbò wa ní Sátidé náà, kí a sì kó ìdọ̀tí rẹ̀ fún àwọn akólẹ̀kódọ̀tí kí òjò tó gbá a padà. Ẹ̀bùn àjọ̀dún tí aládùúgbò yóò rí lò nìyẹn.