Ọmọ Ọ̀pẹ tí Ó Hù Lábẹ́ Ìyá Rẹ̀

Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, láàárín àwọn ará wa. Síbẹ̀, títí di òní, àgbẹ̀ ń bẹ ní agbègbè wa tó ń hú ọmọ ọ̀pẹ lábẹ́ ọ̀pẹ tuntun aládùúgbò rẹ̀, tó ń lọ gbìn ín sóko, tó sì ń retí pé ọmọ yóò jọ ìyá. Àwa kò ní pè é ní òpè. Bàbá rẹ̀ fi irú àgbàdo àti irú ẹ̀wà pamọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kórè. Ta ló jókòó tì í sọ fún un pé ti ọ̀pẹ yìí yàtọ̀?

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ àbáláyé wa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní dura: ìkarahun èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, ẹran ẹyìn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Òmíràn ni pisifera, tí kò ní ìkarahun rárá, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ sábà máa ń jẹrà kí ó tó pọ́n. Àwọn méjèèjì ló bí tenera, oníkarahun fẹ́lẹ́, ọlọ́pọ̀ epo. Ní Kóńgò, ní ọdún 1941, ni Beirnaert àti Vanderweyen ti fi èyí hàn. Bí tenera bá wá gba ìyẹ̀fun òdòdó lára tenera bíi tirẹ̀, nínú ọmọ mẹ́rin, méjì ni yóò jọ òbí; ọ̀kan yóò padà di dura, ọ̀kan yóò di pisifera.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Hẹ́kítà kan gba ọ̀pẹ 143, bí a bá fi mítà 9 sáàárín wọn. Nǹkan bí 35 nínú wọn lè má so èso kankan tó tó fún. Àgbẹ̀ yóò sì ti ro oko náà fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó mọ̀.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí olóko kékeré nílò nìyí: ìdí ọ̀rọ̀, ní èdè Yorùbá, kí ó tó ra ọmọ ọ̀pẹ. Ìwé elédè Faransé tí a pín ní ọ̀sán kan, tí a fọwọ́ sí, tí a sì ká sínú àpò, kò tó. Kí a sì má gbàgbé àwọn ìyá tó ń fún epo. Àwọn ló yẹ kí wọ́n gbọ́ pé ẹyìn tó fara gbọgbẹ́, tó sì pẹ́ nílẹ̀, ní ń mú kí epo kan. Àwọn náà ní ohun tí wọ́n lè kọ́ olùkọ́: ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ́ràn epo ọ̀pẹ àbáláyé fún ọbẹ̀ ju ti tenera lọ.

Àwa olùkọ́ pín nínú ẹ̀bi náà o. Àwọn ọmọ kíláàsì terminale mọ òfin Mendel lórí ẹ̀wà ilẹ̀ òkèèrè tí wọn kò fojú rí rí, nígbà tí òfin kan náà dúró lẹ́yìn ilé wọn, tó ga ju òrùlé lọ.

Nínú ìsinmi tó ń bọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹyìn lórí ọ̀pẹ márùn-ún nínú oko ilé rẹ̀, kí ó fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí òrùka fọ́nrán dúdú bá yí ìkarahun fẹ́lẹ́ ká, tenera ni. Bí ìkarahun bá nípọn, tí kò sí òrùka, dura ni. Ní ti ọmọ ọ̀pẹ inú ọ̀rá, kò ní ẹyìn tí a lè gé: ẹni tó fẹ́ rà á ní láti béèrè ibi tí irúgbìn rẹ̀ ti wá, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ó tó sanwó.